Ọta Mẹ́ta, Ọta Márùn-ún

Mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí pápá ìyìnbọn ní Texas. Ìbọn ọdẹ olówó gọbọi ló gbé dání. Àwọn tó rọ ọ́ ṣèlérí pé bí a bá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta láti 100 yáàdì, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní jìnnà síra ju ínṣì 1 lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín, kíá ló gbóná: ọta kẹrin àti ìkarùn-ún yà sókè, ó di ínṣì 2.

Ó fajúro. Mo ní ẹran ìgbẹ́ kì í kúkú dúró gba ọta 5; èyí tí a kọ́kọ́ yìn, nígbà tí ìbọn ṣì tutù, ló ń pa á, tàbí kó ṣe é léṣe lásán. Ni a bá ń yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré láràárọ̀, sórí ìwé kan náà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wo ihò márààrún, ó ní òun kò ní yìnbọn sí àgbọ̀nrín tó bá kọjá 200 yáàdì.