Ta Ló Mú Omi Wọlé?

Ẹ lọ sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn apẹja bá ń kó ẹja sókè tí àwọn ìyálọ́jà sì ń ná an, kí ẹ wá kígbe pé, "Ẹ̀yin ará, ojú ọjọ́ ti ń yí padà o!" Wọn yóò kàn máa wò yín ni. Ìgbà wo ni ojú ọjọ́ kì í yí padà? Òjò a rọ̀, oòrùn a ràn, ọyẹ́ a dé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló sọ "àyípadà ojú ọjọ́" di orúkọ ìyọnu, orúkọ náà kò sì tíì dé etí omi. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni kan náà pé kí ló dé tí ẹja ò pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, tàbí pé ìgbà wo ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá rẹ̀. Ẹ wá àga jókòó o, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ní í tètè tán.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi gbà pé tíátà ló yẹ iṣẹ́ yìí, pàápàá èyí tí àwọn ará àdúgbò bá fọwọ́ ara wọn ṣe. Kì í kúkú ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní 1945, Hubert Ògúndé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù tí ó fi gbé e sórí ìtàgé. Ní 1964, ó gbé "Yorùbá Ronú" jáde. Inú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì rí eré ṣe ní agbègbè náà títí ìjọba ológun fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ọ̀hún ní 1966. Àbí ta ni í fòfin de eré tí kò gún ẹnikẹ́ni lára?

Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa eré ojú ọjọ́ òde òní gan-an nìyẹn. Kì í gún ẹnikẹ́ni lára àfi tálákà. Mo wo ọ̀kan ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló ṣe é, pẹ̀lú gángan méjì àti agogo kan. Ọkùnrin kan ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, òjò rọ̀, omi kún ilé, ìyàwó ń ké, àgbàlagbà kan sì jáde wá kìlọ̀ fún gbogbo wa. Orin tẹ̀ lé e, a pàtẹ́wọ́. Òótọ́ ni, ìdọ̀tí a máa dí gọ́tà. Àmọ́ bàbá apẹja kan dìde, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn nísàlẹ̀ omi ńkọ́? Ṣé ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tèmi ló gbẹ́ kòtò tí àwọ̀n mi ń kó sí?"

Ariwo sọ. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà gbọ́n, kò bá a jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi hàn wá." Bàbá wọ agbo! Ó fi ọmọkùnrin kan ṣe ẹ̀rọ, ó fi mẹ́ta ṣe ẹja, ó ń darí wọn bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ọjọ́ pípẹ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àfi bí obìnrin oníbúlọ́ọ̀kù kan ṣe sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Bàbá, yanrìn yẹn ni mo fi rán ọmọ níwèé o." Gbogbo agbo dákẹ́. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi. Kì í ṣe ìlú yẹn nìkan ló kàn, nítorí yanrìn ọ̀sà wà lára ohun tí a fi ń mọlé, tí a fi ń kún àbàtà ní Èkó níbí, tí àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn ń gbé orí rẹ̀.

Augusto Boal, ará Bràsíìlì, sọ irú èyí di ọ̀nà eré: òǹwòran á dá eré dúró, á wọ agbo, á ṣe é bó ṣe yẹ kó rí. Ní Kenya, àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ Kamĩrĩĩthũ kọ́ ìtàgé ara wọn, wọ́n sì ṣeré pẹ̀lú Ngũgĩ wa Thiong'o ní 1977. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìjọba dá a dúró, nígbà tí ọdún sì ń parí lọ wọ́n gbé Ngũgĩ sí àtìmọ́lé.

Ti Ìkòròdú tún jinlẹ̀ jù. Ní oṣù Kẹwàá 2010, wọ́n tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, omi sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òjò lè má kán sórí rẹ lọ́jọ́ náà, kí omi sì bá ọ lórí ẹní. Òkè ni òjò ti rọ̀. Odò Ògùn ń gbé e bọ̀ wá sínú ọ̀sà, ọ̀sà sì ń wá ọ̀nà dé òkun. Òkun tìkára rẹ̀ sì ń ga sí i, nítorí epo àti èédú tí aráyé ń jó ti mú ayé gbóná.

Bí èmi ni n ó ṣe é, n kò ní í dárúkọ ojú ọjọ́ rárá. N ó to ènìyàn márùn-ún sójú agbo: Òjò, Dáàmù, Odò, Onílé àti Òkun. Wọn yóò máa gbé ọpọ́n omi fún ara wọn. Òjò á máa bù ú kún, Dáàmù á ní apá òun ò ká a mọ́, Odò á sáré gbé e. Ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀dọ̀ Òkun, Òkun á ní òun náà ti yó. Onílé ló dúró láàárín wọn, gbogbo ọpọ́n á sì dà lé e lórí. Níbẹ̀ ni n ó ti dá ìlù dúró, kí n bi àwọn èrò pé, "Ta ni ká lọ bá nínú wọn? Ta ló máa lọ?"

Oṣù Kẹta ló dára jù fún un, kí òjò tó múlẹ̀. Bó bá di oṣù Kọkànlá tí omi ti fà, kí ẹgbẹ́ náà padà wá sí ojúlé kan náà, kí wọ́n tún lùlù, kí wọ́n béèrè pé: ẹni tí ẹ ní kó lọ, ṣé ó lọ? Kí ni wọ́n sọ fún un?