Ilé Ìgbà Ooru fún Àwọn Àgbà tí Ń Sá fún Yìnyín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, kò sí ẹni tó ń gbé ilẹ̀ yìí tí kò mọ lékèélékèé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, a ó rí wọn ní pápá lẹ́yìn màlúù. Bí òjò bá sì fìdí múlẹ̀, a kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà, ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ ní ìhà àríwá, tí yìnyín ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí ẹ̀gbọ̀n òwú, wọn a kó ẹrù wọn, wọn a forí lé gúúsù, sí Florida tàbí Arizona, níbi tí oòrùn wà. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pè wọ́n ní ẹyẹ yìnyín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ti ìgbà òtútù. Ti ìgbà ooru ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí ti ta ilé ńlá tí wọ́n fi tọ́ ọmọ, wọ́n ti di ará Florida pátápátá. Bí oṣù Kẹfà bá wá wọlé, ooru Florida a di ohun tí a kò lè fara dà. Ní Fort Myers, ìwọ̀n ooru ọ̀sán a máa kọjá 90 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, afẹ́fẹ́ a rin gbindin, òjò àti ààrá a sì máa tẹ̀lé ara wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti lé ní 70 ọdún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kúrò nídìí ẹ̀rọ amúlétutù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá sì ni ìgbà ìjì líle. Ẹni tó bá wà ní etíkun yẹn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2022, nígbà tí ìjì Ian gbé omi òkun wọ ìgboro, kò tún ń fẹ́ àlàyé.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ilé kejì ní àríwá. Níbo ni kí ó jẹ́? Àwọn àgbà wa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé kejì náà, ara ẹni àti àpò ẹni là ń wò kí a tó rà á.

Ọ̀nà ni ó máa ń kọ́kọ́ pín wọn. Ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní I-75 bẹ̀rẹ̀ nítòsí Miami, ó gba ìwọ̀-oòrùn Florida kọjá, ó sì parí sí Sault Ste. Marie ní Michigan, lẹ́bàá ààlà Kánádà. Gígùn rẹ̀ tó 1,786 máìlì. I-95 náà bẹ̀rẹ̀ ní Miami, ṣùgbọ́n ìhà ìlà-oòrùn ni ó ń tẹ̀lé títí dé Houlton ní Maine. Ìdí nìyí tí àwọn ará Michigan àti Ohio fi pọ̀ ní Naples àti Fort Myers, tí àwọn ará New York sì pọ̀ ní etíkun kejì. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gba kí ó wa mọ́tò fún ọjọ́ mẹ́ta lè wọ rélùwéè tí ń gbé ènìyàn àti mọ́tò rẹ̀ pọ̀, láti Sanford ní Florida dé Lorton ní Virginia. Ìrìn òru kan ni, nǹkan bí 855 máìlì. Láti 1983 ni ilé iṣẹ́ Amtrak ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi mẹ́ta.

Èkíní ni àríwá Michigan. Ìlú Traverse City wà ní etí adágún Michigan, adágún tó gbòòrò débi pé ẹni tó dúró létí rẹ̀ kò lè rí òdìkejì. Omi rẹ̀ kò ní iyọ̀, ó sì mọ́ lóló. Oko ṣẹ́rì ló yí ìlú náà ká. Bí èso náà bá pọ́n ní oṣù Keje, wọn a ṣe àjọ̀dún rẹ̀, tọmọdé tàgbà a tú jáde. Kò jìnnà sí àwọn òkìtì iyanrìn Sleeping Bear, tí ìjọba ti ń dáàbò bò láti 1970. Ilé ìwòsàn ńlá kan wà nínú ìlú náà, tí àwọn ìlú kéékèèké àyíká ń gbé aláìsàn wọn lọ. Ní òpin oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ kí ó tó di nǹkan bí aago 9:30 alẹ́. Ìyá tó bá ti mọ́ lára láti máa fi Mágíríbì mọ ìgbà oúnjẹ alẹ́ yóò ní láti wá nǹkan mìíràn fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ owó orí ilé níbẹ̀. Òfin 1994 kan ní Michigan kò jẹ́ kí iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí ilé gbéra ju ìdá 5 nínú 100 lọ lọ́dún kan, níwọ̀n ìgbà tí ilé náà kò bá kúrò lọ́wọ́ onílé. Bí a bá tà á, ìdènà náà ṣí ní ọdún tó tẹ̀lé e. Owó tí ẹni tó ń ta ilé ń san kọ́ ni ẹni tó rà á yóò san. Èkejì, ẹni tí ilé náà kì í bá ṣe ibùgbé rẹ̀ gan-an yóò san tó 18 dọ́là sí i fún ilé-ẹ̀kọ́, lórí 1,000 dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣírò. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ papọ̀. Ilé tí a rà ní 300,000 dọ́là, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò lé, ìyẹn 150,000. Àfikún yìí nìkan yóò tó 2,700 dọ́là lọ́dún. Àgbà tó ń gbé lórí owó ìfẹ̀yìntì kò gbọdọ̀ gbọ́ irú èyí lẹ́yìn tó ti fọwọ́ síwèé.

Ibi kejì ni etíkun Maine. Bar Harbor wà lórí erékùṣù Mount Desert, níbi tí òkè àti òkun ti pàdé. Àwọn ọlọ́rọ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ilé ìgbà ooru wọn síbẹ̀, kí iná ńlá oṣù Kẹwàá 1947 tó jó 67 nínú àwọn ilé ńlá wọ̀nyẹn. Lónìí, ọgbà ìjọba Acadia ni ó ń fa èrò, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ìbẹ̀wò lọ́dún. Afẹ́fẹ́ òkun ibẹ̀ tutù, ẹni tó bá ti Florida dé yóò mí kanlẹ̀. Aago kan náà ni wọ́n ń lò pẹ̀lú Traverse City, síbẹ̀ oòrùn ti máa ń yọ ní Bar Harbor kí aago 5 tó lù ní oṣù Kẹfà. Ẹni tí oorun rẹ̀ kò le, kí ó ra aṣọ fèrèsé tó nípọn.

Ohun tí àwòrán Maine kì í fi hàn ni kòkòrò. Ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà, àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké a máa jẹni títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Èyí tó burú jù wọ́n lọ ni eégbọn, tí kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé òun ti mú wa. Òun ló ń gbé àrùn Lyme kiri, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí ní ìlú Lyme ní Connecticut ní 1975, tó máa ń wọ oríkèé àti iṣan. Maine wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àrùn náà ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá lọ fẹsẹ̀ na inú igbó, kí ó wọ aṣọ gígùn, kí ó sì yẹ ara rẹ̀ wò fínnífínní bí ó bá délé.

Ibi kẹta ni àwọn òkè North Carolina. Àwọn kan ti àríwá wá sí Florida, ooru sì lé wọn padà dé ìdajì ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Gíga ilẹ̀ ni ó ń mú ibẹ̀ tutù. Ìlú Boone ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3,333 ju òkun lọ. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìn, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì lè tètè débẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2024, ìjì Helene rọ òjò sórí àwọn òkè náà. Odò kún, ilẹ̀ ya, afárá wó, ènìyàn púpọ̀ sì kú. Ní Asheville, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni omi páìpù tó tún ṣeé mu. Èyí kọ́ wa pé kí ẹni tó ń sá fún ìjì etíkun má ṣe ra ilé sí bèbè odò láàárín òkè méjì. Kí ó sì rántí pé ìwé adójútòfò lásán kò bo omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí a ń rà fún un.

Ibi yòówù kí wọ́n yàn, àwọn nǹkan kan wà tí kò yí padà.

Dókítà ni àkọ́kọ́. Medicare tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ń ṣe fún àwọn tó ti pé 65 ọdún ṣeé lò lọ́dọ̀ dókítà tó bá ń gbà á ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà ti bọ́ sábẹ́ èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní Medicare Advantage. Ọ̀pọ̀ nínú irú èyí ní àwọn dókítà àdúgbò kan tí ó so mọ́. Bí àìsàn pàjáwìrì bá dé, yóò san án níbikíbi ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru láti oṣù dé oṣù lè di gbèsè. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó gbéra.

Ẹ̀kejì ni iye ọjọ́. Florida kì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé fún ènìyàn, Michigan àti Maine ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ́ ará Florida, kí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ àti ìwé ìdìbò rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó má sì gbé àríwá ju ìdajì ọdún lọ. Ní Maine, ẹni tó ní ilé níbẹ̀ yí ọdún ká, tó sì lò ju ọjọ́ 183 lọ, ti di ará ilé lójú agbowó orí. Ti àwọn ará Kánádà yàtọ̀, nítorí pé àríwá ni ilé wọn gan-an. Ará Ontario gbọ́dọ̀ wà nílé fún ọjọ́ 153 ó kéré tán láàárín oṣù 12, kí ìwòsàn ìjọba má bàa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwé kékeré kan tí a ń kọ ọjọ́ sí lè gba ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà ńlá.

Ẹ̀kẹta ni ilé tó ṣófo. Oṣù mẹ́fà ni ilé àríwá yóò fi wà láìsí ẹni. Bí omi bá kù nínú páìpù, yóò dì, yóò fẹ̀, yóò sì bẹ́ páìpù. Bí yìnyín bá yọ́, omi a wá máa ṣàn láti òkè ilé dé ìsàlẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò pa á. A gbọ́dọ̀ ro omi náà jáde kí a tó ti ìlẹ̀kùn, kí a sì ní aládùúgbò tí yóò máa yọjú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò pàápàá kì í fẹ́ sanwó lórí ilé tí a kò yọjú sí fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, a fi èyí tó wúwo jù sí ìkẹyìn. Nínú tọkọtaya, ẹnì kan ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ láyé, obìnrin a máa pẹ́ láyé ju ọkùnrin lọ. Bàbá ni ó sábà máa ń fẹ́ràn ilé tó wà ní òpin ọ̀nà oníyanrìn, tí àtẹ̀gùn 40 sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, nítorí ọkọ̀ ojú omi àti ẹja pípa. Ìyá ni yóò sì kù sínú rẹ̀. Ta ni yóò ro omi páìpù? Ta ni yóò wa mọ́tò dé ilé ìwòsàn lóru? Ta ni yóò gbọ́ bí ó bá ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí gbogbo àwọn aládùúgbò ti padà sí gúúsù?

Nítorí náà, kí ìyàwó má ṣe jókòó ti ọkọ lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi yan ilé tán. Kí ó wọ inú rẹ̀, kí ó wò bóyá yàrá ìbùsùn wà nísàlẹ̀, bóyá ilé ìtajà wà nítòsí, bóyá àwọn kan ń gbé àdúgbò náà yí ọdún ká. Kí ó béèrè orúkọ tí yóò wà lórí ìwé ilé. Bí ti ọkọ nìkan bá wà níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kejì yẹn pẹ̀lú ni yóò dá sí ogún náà nígbà tí ó bá kú, lọ́yà méjì ni opó yóò sì san owó fún. Bí orúkọ àwọn méjèèjì bá jọ wà níbẹ̀ lọ́nà tí òfin fi ń fi ilé sílẹ̀ fún ẹni tó kù, wàhálà yẹn kò sí.

Kí wọ́n sì kọ́kọ́ yá ilé gbé fún ìgbà ooru kan kí wọ́n tó ra èyíkéyìí. Kí wọ́n dé ní oṣù Karùn-ún nígbà tí kòkòrò ń jẹni, kí wọ́n dúró di oṣù Kẹwàá nígbà tí ewé ń wọ́, tí ilé ìtajà ń ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ibì kan nínú oṣù Keje nìkan, àlejò ni níbẹ̀. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ilé tí ìyá lè dá gbé láìbẹ̀rù, tí ó sì lè tì kí ó fọkàn balẹ̀ máa lọ, òun ni kí wọ́n rà, ìbáà má tilẹ̀ rí omi lójú fèrèsé.