Hector ni Tèmi

Bí àwọn tó ti ka ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì bá pé jọ, ìbéèrè kan kì í ṣàìwáyé láàrin wọn: èwo nínú àwọn akọni wọ̀nyí ló wù ọ́ jù? Ìbéèrè eré ni lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ìdáhùn tí ènìyàn bá fún un máa ń tú àṣírí ibi tí olúwarẹ̀ ti wá. Ẹni tí ogun ń wù a mú Achilles. Ọlọ́gbọ́n-àyínìke a mú Odysseus. Ẹni tó fẹ́ràn agbára a mú Heracles tí àwọn ará Róòmù ń pè ní Hercules. Èmi tí wọ́n bí ní Àfọ̀n, nílẹ̀ Yewa, níbi tí ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin kò jìnnà sí oko ẹni, Hector ọmọ Priam ni mo mú, láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Heracles kò lè jẹ́ àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ìtàn Ògún ní Ìrè. Wèrè tí Hera, ìyàwó Zeus, rán sí i ló fi pa àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ló sì ń wẹ̀ nù tó fi ṣe iṣẹ́ méjìlá tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ògún náà bínú ní Ìrè nítorí pé agbè ẹmu ṣófo, tí kò sì sí ẹni tó kí i; ó bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí, ojú rẹ̀ wálẹ̀ tán, ó wọlẹ̀. Akọni tó pa ará-ilé rẹ̀, a ní in nílé, a kò ní láti lọ yá a lókèèrè. Odysseus ńkọ́? Ìjàpá ni, tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ ogun. Mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀, pàápàá bó ṣe sọ fún òmìrán olójú kan pé Kò-sẹ́ni ni orúkọ òun, tó fi jẹ́ pé nígbà tí òmìrán náà ń ké pé Kò-sẹ́ni ń pa òun, kò sẹ́ni tó wá gbà á. Ìjàpá ìbá pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ti Achilles, àwọn òǹkọ̀wé tó wá lẹ́yìn Homer ni wọ́n sọ pé ìyá rẹ̀ rì í sínú odò Styx kí irin má baà ràn án, àfi gìgísẹ̀ tó fi dì í mú. Òkígbẹ́ ni àwọn ọdẹ wa ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Homer fúnra rẹ̀ kò mẹ́nu bà á. Achilles tirẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá dúró jagun ní Troy, òun kò ní padà délé, ó sì dúró. N kò ní fi ìyìn yẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ẹni yìí kan náà ló káwọ́ gbera nítorí pé ọba gba ẹrúbìnrin rẹ̀, tó jókòó sínú àgọ́, tó ń wo bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kú lọ rẹrẹ. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè òkun ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ogun bá lẹ́nu ọ̀nà ilé kò ní àgọ́ tí yóò wọ̀ sí láti bínú.

Hector kò dá ogun sílẹ̀. Paris àbúrò rẹ̀ ló lọ gbé ìyàwó oníyàwó ní Sparta, tí gbogbo Gíríìkì fi gbéra láti wá gbà á padà. Hector bá àbúrò yìí wí lójú ayé, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, síbẹ̀ kò lè fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́, nítorí ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ó ja ogun tí kò bẹ̀ wò, torí pé ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ arúgbó, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń bẹ nínú odi tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú Iliad kò gùn. Hector sáré wọ ìlú wá láti sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n lọ bẹ òrìṣà Athena. Bó ṣe ń padà sójú ogun, ó pàdé Andromache ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ibodè, ọmọ wọn Astyanax wà lọ́wọ́ olùtọ́jú. Andromache kò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ogun. Achilles ti pa bàbá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèje, ọkọ yìí nìkan ló kù fún un ní ẹbí. Ó tilẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan, níbi tí odi ti rọrùn láti gùn, pé kí ó fi àwọn ọmọ-ogun ṣọ́ ibẹ̀. Hector na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ figbe ta, ó sá mọ́ olùtọ́jú láyà, nítorí akoto idẹ tó wà lórí bàbá rẹ̀, tí irun ẹṣin ń mì lórí rẹ̀, dẹ́rù bà á. Bàbá rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ́rìn-ín. Hector ṣí akoto náà kúrò lórí, ó gbé e kalẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì gbàdúrà pé kí ọmọ náà ju òun lọ.

Ní agbègbè wa, láti Kétu dé Ìmẹ̀kọ dé Ìlaró, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára ohun tí ọmọdé kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò sì dà bí egúngún tí a kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Orí ni a ń gbé igi gbígbẹ́ náà lé, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ojú, gbogbo ọjà ló mọ ọmọ ẹni tó ń jó, bó bá sì jó tán, ó lè ṣí i kó máa nu òógùn. Mo ti rí ọmọdé tó ń ké tòò, tí bàbá rẹ̀ ṣí igi kúrò lórí báyìí, tí ẹkún náà sì dá lójijì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibi akoto Hector, kò sí ẹni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Àdúrà náà ńkọ́? Bàbá wo nílẹ̀ Yorùbá ni kì í gbà á lọ́jọ́ ìkómọjáde? Ohun tó ń dunni ni pé òǹkàwé ti mọ̀ pé kò ní gbà. Nígbà tí Troy ṣubú, àwọn Gíríìkì ju ọmọ náà láti orí odi, wọ́n sì pín àwọn obìnrin. Ọmọ Achilles gan-an ló mú Andromache lẹ́rú.

Ìyá-ńlá mi kò rí ogun Dàhọ̀mì. Ìyá tó bí i ló rí i, ṣùgbọ́n ìyá-ńlá mi máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni. Bí eré òṣùpá bá pẹ́ jù, yóò ní kí a wọlé kí Dàhọ̀mì má baà kó wa. A rò pé iwin ni Dàhọ̀mì. Ìgbà tí mo ka ìtàn ni mo tó mọ̀ pé ìjọba ni, tí ọba rẹ̀ ń gbé ní Abomey. Ní 1851 àti 1864, Abẹ́òkúta lé wọn padà, èyí sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún méjèèjì yẹn, ní 1862, wọ́n kó Ìṣàgá, wọ́n ní àwọn ń gbẹ̀san pé àwọn ará Ìṣàgá tan àwọn jẹ ní 1851. Ní 1886, ó kan Kétu, ìlú ọmọ Odùduwà, tó ní odi, tó ní yàrà, tó ní ibodè Àkàbà Ìdènà tí àwọn àlejò ṣì ń lọ wò títí di òní. Wọ́n sun ún níná, wọ́n sì kó àwọn tí kò kú lọ. Ní 1889, nígbà tí Kétu ṣì wà ní ahoro, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà: Kétu bọ́ sápá kan, Ìmẹ̀kọ àti Àfọ̀n bọ́ sápá kejì. Ìgbà tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Béhanzin tán ni àwọn tó ṣẹ́kù ráyè padà wá tún ìlú wọn tẹ̀dó.

Ẹ bi ọmọ ilé-ìwé kan ní agbègbè wa pé ta ló jà lẹ́nu Àkàbà Ìdènà lọ́dún tí Kétu fọ́. Yóò dárúkọ Líṣàbí tàbí Ògúnmọ́lá fún yín, nítorí orúkọ aṣẹ́gun ló kún inú ìwé rẹ̀. Ìlaró ń ṣe ọdún Orónnà, jagunjagun wọn, mo sì ń bá wọn yọ̀. Àwọn tó dúró lẹ́nu ibodè tí ibodè sì wó lé lórí ni kò ní ọdún.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí àwa méjèèjì jọ jẹ́ olùkọ́ kò fara mọ́ mi rárá. Ó ní ẹni tó sá yí odi ìlú rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó pa á kì í ṣe akọni. Òótọ́ ni pé Hector sá. Gbogbo ọmọ-ogun Troy ti wọlé, òun nìkan ló dúró lóde. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ láti orí odi, kò wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Polydamas gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó sínú odi, ó kọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Ojú ń tì í láti wọlé lọ pàdé àwọn tó ṣòfò ọmọ. Ikú yá ju ẹ̀sín, ohun tó ń rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí Achilles ṣe yọ sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e. Yorùbá kan náà tó ní ikú yá ju ẹ̀sín ló ní akínkanjú tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ni í bógun lọ. Òwe méjèèjì kò bára mu, àgbà a sì máa pa èyí tó bá bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mu. Homer fi àwọn méjèèjì sínú ọkùnrin kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Hector dúró níkẹyìn, ẹ̀tàn ló mú un dúró: Athena gbé àwọ̀ Deiphobus àbúrò rẹ̀ wọ̀, ó ṣe bí ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́. Hector yíjú kó gba ọ̀kọ̀, kò rí ẹnì kankan. Ó mọ̀ pé àwọn òrìṣà ti ta òun, ó sì fa idà yọ. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ẹni tí kò bẹ̀rù rí kò ní ohun tó lè fi kọ́ mi. Ó ní bí ogun bá dé, òun yóò pe Achilles, kí èmi máa pe Hector. A ò tíì parí ìjà náà.

Àwọn mìíràn ń bèèrè ohun tó kàn wá nínú ìtàn Gíríìkì. Àwọn àgbà òǹkọ̀wé ti dáhùn kí n tó dé. Ọlá Rótìmí fi ìtàn Oedipus ṣe The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú eré tí Euripides kọ lórí àwọn obìnrin Troy, ó gbé e lọ sí Òwu, ìlú tí àwọn ọmọ-ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú àti àwọn ìsáǹsá Ọ̀yọ́ para pọ̀ tú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Women of Owu ló pe eré náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2004. Ẹ kíyèsí i pé Yorùbá ló tú Òwu, kì í ṣe Dàhọ̀mì.

Nítorí èyí ni ìparí Iliad fi ń dá mi dúró. Akéwì àwọn aṣẹ́gun ló ń kéwì, síbẹ̀ kì í ṣe ìṣubú Troy ló fi parí rẹ̀, ìsìnkú Hector ni. Achilles ti so òkú náà mọ́ kẹ̀kẹ́-ogun, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Priam, ọba arúgbó, dìde lóru, ó kó ìràpadà dání, ó wọ àgọ́ ọ̀tá lọ, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó sì fẹnu ko ọwọ́ tó pa àwọn ọmọ rẹ̀. Achilles rántí bàbá tirẹ̀ nílé, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Ó fún un ní òkú náà, ó sì fún un ní ọjọ́ mọ́kànlá tí ogun kò ní jà, kí bàbá lè sin ọmọ, èyí tí àwa ń pè ní òfò. Ìlú mélòó ni àwa fúnra wa tú, tí akéwì wa fi ìsìnkú akọni wọn parí ìtàn?

Virgil, akéwì Róòmù, ló sọ ohun tó gbẹ̀yìn Andromache. Helenus àbúrò Hector ló padà fẹ́ ẹ, àwọn méjèèjì sì ń gbé ní Buthrotum, tí í ṣe Butrint ní Albania lónìí. Wọ́n kọ́ Troy kékeré kan síbẹ̀, wọ́n ṣe ibodè bíi ti ilé, wọ́n fi orúkọ odò ilé pe odò wẹ́wẹ́ kan. Obìnrin náà kọ́ sàréè fún Hector, sàréè tí kò sí òkú nínú rẹ̀, ó ń lọ bọ ọ́. Ní Salvador, nílẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn tó ń sin òrìṣà ṣì ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu. Ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà wọn ń jẹ́ Alákétu. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé obìnrin ilé ọba Kétu kan, tí Dàhọ̀mì kó tà, ló tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ki Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọba Kétu ni wọ́n ń pè é.