Ìwé Tí Ó Sọnù ní Ẹ̀ẹ̀mejì

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan nínú wa bá mú ìtàn àwọn tí ń wá ìṣúra nínú ọkọ̀ tí ó rì wọ inú yàrá wa, ìwé náà kì í sinmi mọ́. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni yóò máa lọ títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi já. Èmi pẹ̀lú fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ó jẹ́ òtítọ́, tí ìṣúra inú rẹ̀ sì jẹ́ tiwa.

Ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń wí. Ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní 1846. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta, ó kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn èyí ni ó di àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́. Ó ń bi àwọn arọ́kin, tí í ṣe opìtàn ààfin, léèrè, ó sì ń kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀. Iṣẹ́ náà gbà á ju ogún ọdún lọ kí ó tó parí rẹ̀ ní 1897.

Ní 1899 a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní Ìlú Òyìnbó, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1900 àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tọ atẹ̀wé náà lọ. Èsì tí ó rí gbà ni pé a ti ṣi ìwé náà gbé, a kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n a ó san owó rẹ̀. Èló ni à bá gbà fún ogún ọdún? Ní 1901 Samuel Johnson kú.

Àwọn àgbà wa ní, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òkú ọ̀run ti fi àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìwé ìdánwò púpọ̀ sílẹ̀. Láti inú wọn ni àbúrò rẹ̀ ti tún gbogbo ìtàn náà kọ.

Ní oṣù kìíní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìwé kejì yìí wọ ọkọ̀ Appam lọ sí Ìlú Òyìnbó. Lẹ́bàá Madeira ni Möwe, ọkọ̀ ogun Jámánì tí ó pa ara dà bí ọkọ̀ oníṣòwò, ti mú un. Ní Liverpool a wo ọ̀nà títí, a kò rí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti rì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni ó yọ ní etíkun Virginia ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ àsíá Jámánì. Ó ju ọdún méjì lọ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé. Bébà sì ti di ọ̀wọ́n gógó. Obadiah kú ní 1920. Ní 1921 ìwé náà jáde.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí akọni kankan tí ó bẹ́ sínú òkun. Àwọn bébà wẹ́wẹ́ tí ẹlòmíràn ìbá fi dáná ni ó gba ìṣúra náà là.

Nígbà tí mo ka èyí, mo ra ìwé ìkọ̀wé, mo sì tọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ ní ìsinmi. Mo kọ oríkì ìdílé wa àti ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà dé ibi tí a wà. Mo kà á sí wọn létí. Wọ́n tún orúkọ odò kan ṣe, wọ́n ní:

“Bí òjò bá wá pa á ńkọ́?”

Mo ní, “Bàbá, méjì ni mo kọ. Ọ̀kan yóò wà nínú àpótí yín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìkẹta ńkọ́? Àwọn ọmọ tí o fẹ́ lọ kọ́ ni kí o fi í sí nínú. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn.”

Ẹ̀yin ará, láìpẹ́ a ó tú ká lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìletò gbogbo. A ó bá arúgbó pàdé ní ibi tí a bá lọ. Ẹ mú ìwé ìkọ̀wé dání, kí ó sì jẹ́ méjì.