Ohùn Màmá Nínú Páálí

Síídì 43 ló wà nínú páálí tí Bọ̀ọ̀dá mi gbé jáde fún mi l'Ósì: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú. Nínú ọ̀kan ni ìyá wa ti ń kọrin níbi ìwúyè kan n'Ílọfà. Kò tún síbòmíràn tí a ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí eruku ọyẹ́ ń fojú síídì rí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n kó wọn sínú kọ̀ǹpútà."

"Kí iná wá lọ lójijì, kí gbogbo rẹ̀ run?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. CD kan ò ju nǹkan bí 700 MB lọ, DVD lásán 4.7 GB. Bí gbogbo páálí bá tilẹ̀ jẹ́ DVD tó kún dẹ́nu, kò lè pé 210 GB. Ọmọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ n'Ílọrin wá fẹ́ ta hard disk 4 TB kan ṣoṣo fún mi. Mo ní rárá o! 1 TB méjì ni mo fẹ́, kí èkejì máa da ti àkọ́kọ́ kọ. Bọ́kan bá kú, ọ̀kan á kù. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó fún irú iṣẹ́ yìí. UPS ni mo náwó lé, torí iná. Ṣùgbọ́n olè kan ṣoṣo lè gbé méjèèjì lọ, àbí? Ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ àbúrò wa obìnrin n'Ílọfà.

Síídì Màmá ti ha. Ẹ̀rọ fi gbogbo òru kà á, ìṣẹ́jú méjì ni kò rí kà. Bọ̀ọ̀dá ní òun mọ orin tó wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ọ́, mo gbà á sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá.