Ibi Mẹ́rìnlá àti Ọjọ́ Mẹ́rin: Bí Èmi àti Ìyá Ìbejì Ṣe Ń Múra Àjò Guangzhou

Bí ẹ bá ti rí mi ní àdúgbò wa ní Ablogamé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́, tí mo ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ nǹkan sí i, ẹ má rò pé orúkọ àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Oúnjẹ Mímọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ń kọ. Orúkọ ibi tí mo fẹ́ wò ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni. Guangzhou ni wọ́n ń pe ìlú náà. Canton ni orúkọ rẹ̀ nínú àwọn ìwé Faransé àtijọ́. Ibi mẹ́rìnlá ni mo ti kọ sílẹ̀ kí ìyàwó mi tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó mú kí n ju lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ìbéèrè náà kọ́ mi lọ́gbọ́n, ìdí sì nìyí tí mo fi ní kí n sọ ọ́ fún gbogbo ẹ̀yin tọkọtaya ìjọ wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ ni Ìyá Ìbejì ń tà ní ọjà ńlá Lomé, bí ìyá rẹ̀ ti tà á kí ó tó lọ sinmi. Ní ayé ìyá rẹ̀, àǹkárá ilẹ̀ Hòláńdì ni gbogbo ayé ń wá, àwọn ìyálọ́jà tó ń tà á sì lówó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gun ọkọ̀ Mercedes. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye fàránkì CFA kù sí ìdajì, aṣọ Hòláńdì sì di ọ̀wọ́n gógó. Lẹ́yìn náà ni aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hòláńdì. Àwọn obìnrin ìran kejì, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn lọ sí Ṣáínà láti ra ọjà, ni wọ́n ń pè ní Nanettes. Ìyàwó mi kò sí lára wọn. Ọwọ́ àwọn tó lọ ni ó ti ń rà á, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ alágbàtà, ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ jẹ èrè kó tó kàn án.

Lẹ́yìn náà ni iná dé. Ní òru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2013, ilé ńlá inú ọjà Lomé jóná. Ẹrù ìyàwó mi wà nínú rẹ̀. Mo rántí bí ó ti dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí kò sunkún, tí ó kàn di kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ mú, kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tí kò sí mọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà nínú àpótí rẹ̀ títí di òní. Díẹ̀díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ padà, pẹ̀lú owó àjọ. Nítorí náà, nígbà tí ó sọ pé òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí aṣọ ti ń wá, n kò lè ní kó má lọ. Ogún ọdún ìgbéyàwó wa sì pé ní ọdún yìí. Mo wí fún un pé, "Jẹ́ kí a jọ lọ. Ìwọ á ra ọjà, èmi á wòran."

Èmi náà ní ohun tí mo ń wá lọ. Nígbà tí mo wà ní sẹ́mínárì, mo rí àwòrán ilé ìjọsìn kan nínú ìwé Faransé, mo rò pé Paris ni. Guangzhou ni. Kàtídírà Ọkàn Mímọ́ Jésù ni orúkọ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Guillemin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1863, lórí ilẹ̀ tí ààfin gómìnà wà tẹ́lẹ̀ kí ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá Ṣáínà jà tó wó o. Wọ́n bu erùpẹ̀ láti Jerúsálẹ́mù àti láti Róòmù wá síbi ìpìlẹ̀ rẹ̀. Akọ òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ará ìlú sì ń pè é ní Ilé Òkúta. Ọdún 25 ni iṣẹ́ náà gbà. Bíṣọ́ọ̀bù tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kú ní ọdún 1886, ọdún méjì kí ó tó parí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọkàn Mímọ́ Jésù ni orúkọ Kàtídírà tiwa ní Lomé pẹ̀lú. Àwọn míṣọ́nnárì Jámánì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1901, ó sì parí ní ọdún 1902. Ilé gogoro méjì ló wà lórí tiwa, méjì náà ló wà lórí tọ̀hún. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ nínú ọkàn mi pé, bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi tí mo ti kúnlẹ̀ nínú ọ̀kan yóò kúnlẹ̀ nínú èkejì kí n tó kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò. Bàálù tó bá gbé wa ní Lomé ní Ọjọ́rú yóò fi bíi wákàtí mẹ́fà dé Addis Ababa. Òmíràn yóò tún fi bíi wákàtí mẹ́wàá gbé wa dé Guangzhou. Wákàtí mẹ́jọ ni aago wọn fi ṣíwájú tiwa, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ni a ó dé, pẹ̀lú oorun lójú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ó padà. Bí a bá yọ ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ kúrò, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù: Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti Ajé. Ibi mẹ́rìnlá ni mo fẹ́ rọ́ sínú ọjọ́ mẹ́rin yìí. Ilé gogoro Canton tó ga ní 600 mítà wà nínú rẹ̀. Ilé ìdílé Chen tó parí ní ọdún 1894, tó kún fún iṣẹ́ ọnà igi àti òkúta, wà nínú rẹ̀. Erékùṣù Shamian níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbé láyé àtijọ́, mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Huaisheng, ọgbà Yuexiu, àti àwọn yòókù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ka ìwé náà sí Ìyá Ìbejì létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀wà ni ó ń ṣà. Nígbà tí mo parí, ó ní: "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Níbo ni ọjà mi wà nínú rẹ̀?"

Ará mi, mo wo ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọjà níbẹ̀. Nínú ibi mẹ́rìnlá, n kò kọ ibi kan ṣoṣo tí obìnrin náà tìtorí rẹ̀ dá àjọ fún ọdún mẹ́rin. Dípò kí n tọrọ àforíjì, mo ní ìyẹn kò le, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ti tó fún un. Ó ní, "Owó tíkẹ́ẹ̀tì yín nìkan tó owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yìí fún ọdún kan, ó sì ṣẹ́kù. Ṣé èmi ni mo ń tẹ̀lé yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ ń tẹ̀lé mi?" Inú bí mi. Mo ní bí n kò bá bá a lọ, ta ni yóò máa bá a ka ìwé? Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu ọkọ, áńbọ̀sì ẹnu ẹni tó ń kọ́ ọmọ aráyé ní òfin ìfẹ́. Ó dìde, ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó wọ yàrá. Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ọmọ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ń múra ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa François Xavier Mímọ́, ẹni tó jẹ́ alágbàwí àwọn míṣọ́nnárì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni mímọ́ yìí ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, ó ti dé Japan, ohun tó kù tó ń wù ú ni kí ó wọ Ṣáínà. Ní ọdún 1552, ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Shangchuan, tí kò jìnnà sí etíkun. Òfin kò gba àlejò láyè láti wọlé. Oníṣòwò ará Ṣáínà kan ṣèlérí láti fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Canton ní ìkọ̀kọ̀, ata sì ni yóò gbà fún owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni mímọ́ náà dúró, ó dúró, oníṣòwò kò dé. Àìsàn mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá. Canton tí mo fẹ́ lọ wòran ni òun kú sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà tó tì ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni mo rí nínú ìtàn náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni kan, ọmọ Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní Antonio, wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi mí èémí ìkẹyìn. Kì í ṣe ìlú tí Antonio wò ni ayé fi rántí rẹ̀. Ohun tí a fi rántí rẹ̀ ni pé ó dúró ti ẹnìkejì rẹ̀. Mo pa ìwé dé. Mo mọ ohun tó kàn mí láti ṣe.

Mo gba ọjà lọ. Ó ń bá oníbàárà kan ná owó lọ́wọ́, mo jókòó lórí àpótí títí wọ́n fi parí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀ ẹ́, mo mú ìwé náà jáde, mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà lé ibi mẹ́rìnlá náà lórí. Mo ní, "Máa sọ, kí n máa kọ." Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pa òfo, ẹ wo èmi tí mo ń lé mẹ́rìnlá.

Ohun tó sọ kò pọ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Ajé di ti ọjà aṣọ ńlá tí wọ́n ń pè ní Zhongda. Èmi ni yóò máa kọ iye owó sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú di ti àwa méjèèjì. Ó wá bi mí pé, "Kí ni mo gbọ́ tí ẹ kà nípa ọgbà kan?" Mo sọ fún un pé ère òkúta àgbò márùn-ún wà ní ọgbà Yuexiu. Ìtàn wọn ni pé ìyàn mú ní ìlú náà rí, ni àwọn ará ọ̀run márùn-ún bá gun àgbò márùn-ún wá, pẹ̀lú ọkà. Wọ́n fún àwọn ènìyàn, wọ́n súre pé ebi kò ní pa ìlú náà mọ́, àwọn àgbò sì di òkúta. Ìyá Ìbejì ronú díẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni mo fẹ́ rí. Ẹni tí iná ti jó ọjà rẹ̀ rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́."

Báyìí ni ọjọ́ Àìkú wa ṣe rí: ní òwúrọ̀, a ó mu tíì pẹ̀lú àwọn oúnjẹ kéékèèké inú agbọ̀n, bí àṣà ìlú náà, lẹ́yìn náà, àwọn àgbò márùn-ún, ní ọ̀sán, Ilé Òkúta, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń gbọ́ Mísà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀pọ̀ ọdún, ní ìrọ̀lẹ́, a ó rìn lọ sí etí odò Zhujiang tí kò jìnnà síbẹ̀. Ibi mẹ́ta àti ife tíì kan. Ó tó.

Kí n má gbàgbé ohun tí àwọn ìbejì wa sọ. Wọ́n ti gbọ́ pé ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ní àkókò àrùn kòrónà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà jáde kúrò nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou, débi pé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìjọba Ṣáínà. Wọ́n bi wá bóyá ẹ̀rù kò bà wá. N kò purọ́ fún wọn. Mo ní òótọ́ ni, ó sì dun gbogbo wa. Ìdí nìyí tí a fi ń múra dáadáa, tí a kò sì fi ohunkóhun sílẹ̀ di ọjọ́ tí a bá débẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó bá ń ro irú àjò yìí, ẹ gba díẹ̀ nínú ohun tí a ti kọ́. Ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹwàá, ìsinmi ni ilẹ̀ náà wà nígbà náà. Bí ẹ kò bá fẹ́ ná ọjà àpérò ńlá tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1957, ẹ yẹra fún àárín oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nítorí owó òtẹ́ẹ̀lì a máa gun òkè. Ìparí oṣù kọkànlá ni àwa mú. Ní ọdún 2024, Ṣáínà gba àwọn ará orílẹ̀-èdè 54 láyè láti lo wákàtí 240 láìgba físà bí wọ́n bá ń kọjá lọ. Togo kò sí nínú wọn, nítorí náà ẹ tètè kọ́wọ̀ọ́rìn lọ bá àwọn aṣojú wọn ní Lomé. Ẹ rí i pé òtẹ́ẹ̀lì yín gba àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè, kí ó sì kọ orúkọ yín sọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. WhatsApp kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, nítorí náà ẹ bá àwọn tó wà nílé ṣètò bí ẹ ó ṣe máa gbọ́ ohùn ara yín.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó kọ orúkọ ibi kankan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ẹ fẹ́ bá lọ pé kí ni ó fẹ́ rí.

Bí mo ti ń kọ èyí, físà wa kò tíì jáde. Ìyá Ìbejì ti di àpò rẹ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Mo sì rí i pé ó fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ àtijọ́ yẹn sínú rẹ̀. N kò bi í léèrè. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, a ó jọ wọlé. Bí kò bá ṣí, a ó jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: ẹ bá wa gbàdúrà fún àlọ, kí ẹ sì bá wa gbà á fún àbọ̀.