Sísáré Nínú Ẹ̀gún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí a kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé wa. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò sọ ọ́ di ìbéèrè fún mi.

Ní ọdún 1981 ni mo wọ yunifásítì kan tí ó jìnnà sí ìlú wa, láti kọ́ nípa ètò ọrọ̀-ajé. Bàbá mi, àgbẹ̀ tí ó ń gbin kòkó, ni ó yan ẹ̀kọ́ náà. Ó ti rí i bí iye tí wọ́n ń ra kòkó ṣe ń yí padà láìjẹ́ pé àgbẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ òun mọ ìdí náà. Ìjọba ìbílẹ̀ wa sì ń fún mi ní owó ìrànlọ́wọ́. Ní tòótọ́, ẹ̀kọ́ náà kò pọ̀ jù fún mi. Mo yege nínú gbogbo ìdánwò ọdún kìíní. Alẹ́ ni ó pọ̀ jù fún mi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pe ara wọn lọ síbi oúnjẹ, èmi a jókòó ti ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tí mo gbé láti ilé, n ó máa kà á bí ẹni tí ń ka lẹ́tà ìyá rẹ̀. Kí ọdún tó yí, mo ti pinnu pé n ó lọ sí Ifẹ̀ lọ kọ́ èdè Yorùbá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé ẹrù nìkan ni a ń dì. Ẹni tí yóò bá ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn ní láti ní máàkì tí ó dára níbi tí ó ti ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n lé nítorí ìjákulẹ̀ kì í rí àyè náà gbà. Iṣẹ́ tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tuntun ń béèrè nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé sí i lọ́wọ́. Yunifásítì àkọ́kọ́ ni yóò fi àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sí èkejì. Àjọ JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ yóò gbé kóòsì ti kóòsì, wọn yóò wò ó bóyá èyí tí a ti ṣe bá tiwọn mu. Tèmi kò bá tiwọn mu. Ọdún kan dànù. Ìpele kìíní ni mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, mo lọ bá ọ̀gá tí ó kọ́ mi ní Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, pé kí wọ́n bá mi kọ ìwé ẹ̀rí. Wọ́n wo ojú mi títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ejò wo ni ò ń lé? Tàbí èwo ni ó ń lé ọ?"

Mo ní, "Ọ̀gá, èdè Yorùbá ni mò ń lé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ìwé náà. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní, "Bí o bá dé ọ̀hún, wo ẹ̀yìn rẹ wò."

Owó ìrànlọ́wọ́ kò bá mi lọ sí Ifẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó jù mí lọ. Chinua Achebe wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1948 láti kọ́ ìṣègùn; nígbà tí ó fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ó pàdánù owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan sì ní láti ràn án lọ́wọ́. Ní tèmi, àbúrò ni. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ọdún 1982 náà ni. Bàbá mi kò pariwo. Ó kó owó tí ó ti fi pamọ́ fún un síwájú wa, ó ní, "Àpò kan ṣoṣo ni mo ní. Bí ẹnì kan bá mú un lónìí, ẹnì kejì yóò dúró."

Àbúrò mi ni ó kọ́kọ́ fọhùn. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ mú un. Èmi yóò bá ìyá wa tajà di ọdún tí ń bọ̀."

Mo mú un.

Ẹ̀kọ́ tí mo wá sí Ifẹ̀ dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ilẹ̀ ṣú ní ọjọ́ kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pe ara wọn lọ síbi oúnjẹ, mo sì rí i pé èmi nìkan ni mo jókòó ti ìwé. Ìgbà náà ni mo wo ẹ̀yìn mi. Ejò tí mo rò pé mo ti fi sílẹ̀ ti bá mi wọ ọkọ̀. Ìdajì òtítọ́ ni mo sọ fún ọ̀gá mi: mò ń lé ọ̀kan, èkejì sì ń lé mi. Ìtìjú ni èkejì, ìtìjú àtikọ́kọ́ yanu sí ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo rántí àbúrò mi nídìí igbá, tí ó ń kí oníbàárà tí kò mọ̀ rí láti òwúrọ̀ di alẹ́ nítorí tèmi. Mo dìde, mo tọ àwọn ará yàrá kejì lọ, mo ní, "Ṣé kí a jọ lọ?" Wọ́n ní kí n máa bọ̀.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí. Yunifásítì Ifẹ̀ gan-an, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962 kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. N kò kábàámọ̀ pé mo lọ. Àbúrò mi wọ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1983, ó di olùkọ́, ó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Kò fi ọdún kan náà ṣe ìrègún fún mi rí. Èmi ni n kò gbàgbé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń di ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní, kí ó jókòó lé ẹrù náà ná, kí ó bi ara rẹ̀ pé: Kí ni mò ń lé? Kí ni ó ń lé mi? Ta ni yóò sì san owó ọkọ̀?